Òfin Ibùba

Kerttu ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí ọkọ̀ Oiva wọ inú ọgbà. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín kì í ṣe ọjọ́ tí ọkùnrin kan ń wálé lójú ọ̀sán ní abúlé Leppäsuo. Bí ìyá èèyàn bá kú, wọ́n lè dárí jì í pé kò wá. Bó bá jẹ́ àìsàn lásán ni, wọn á máa fi ṣe ẹlẹ́yà títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ tó so mọ́dìí, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

Oiva ò tíì sọ̀kalẹ̀. Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ẹ̀wù ọdẹ aláwọ̀ ọsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, ó sinmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé èkejì. Ó ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó kó ẹyin sápò ṣòkòtò. Ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, ó wọ ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Kerttu tẹ̀ lé e, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tijú àtidúró síbẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń dùbúlẹ̀ lóru, tó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń ṣe nínú ilé ìtọ̀ yẹn: omi á kán díẹ̀, á dáwọ́ dúró, Oiva á mí kanlẹ̀, omi á tún kán. Tó bá padà wá sùn, kò ní pẹ́ tó máa tún dìde. Lónìí, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí Oiva ṣí omi ẹ̀rọ, bóyá ìró rẹ̀ á bá a fa ìtọ̀ jáde. Omi ẹ̀rọ nìkan ló ń dà.

"Oiva."

"Mò ń bọ̀."

"Ìgbà wo lo tọ̀ kẹ́yìn?"

Oiva ti omi ẹ̀rọ pa.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn."

"Mo tọ̀ díẹ̀ kí n tó kúrò nílé láàárọ̀."

"Báwo ni díẹ̀ yẹn ṣe tó?"

"Díẹ̀ ni, Kerttu. Ìwọ náà mọ díẹ̀."

Nígbà tó jáde, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Kerttu gbé ọwọ́ oníyẹ̀fun lé e nísàlẹ̀ ìdodo. Ibẹ̀ ti yọ síta, ó le gbandi, Oiva sì fa ara sẹ́yìn bí ọwọ́ yẹn ṣe kàn án. Àmì ìka márààrún kù sára ẹ̀wù rẹ̀.

"Látàárọ̀ tó o ti wà nínú igbó, o ò rí igi kan tọ̀ sí?"

"Ibùba etí omi ni wọ́n fi mí sí. Mi ò lè tọ̀ níbùba."

Kerttu ò bi í pé kí ló dé. Gbogbo Leppäsuo ló mọ òfin yẹn. Antero, olórí ọdẹ, ló máa ń kà á sí wọn létí lọ́dọọdún kó tó pín ibùba fún kálukú: ẹni tó bá wà níbùba kò gbọdọ̀ rìn, kò gbọdọ̀ mu sìgá, kò sì gbọdọ̀ tọ̀, torí àgbọ̀nrín á gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè, á yí padà, wàhálà gbogbo ẹgbẹ́ á já sí òfo. Ọkùnrin kan wà lábúlé tó tọ̀ níbùba nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ó ti di bàbá àgbà báyìí, wọn ò tíì yéé fi ọjọ́ yẹn pè é. Oiva ti wà ní ibùba tirẹ̀ láti kùtùkùtù, ó ń mu kọfí inú fìláàsì kí òtútù má bàa gbé e, ó sì ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n wá kéde lórí fóònù tí ẹgbẹ́ fún kálukú pé kí kálukú kúrò níbùba, ó sáré lọ sẹ́yìn igi kan, ó dúró títí, kò sí ohun tó jáde.

Kerttu gbé fóònù, ó pe nọ́mbà tí àwọn aláìsàn máa ń pè. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn, ó ní kó fi nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan á pè é padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn: àti ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ fẹ́ bẹ́, ẹ̀rọ kan náà ló ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó jókòó ti fóònù náà, ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó di ẹ̀gbẹ́ mú, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín yàrá ìdáná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá pè, ó ní kí wọ́n gbé e wá kíákíá, àmọ́ kí wọ́n má gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, torí wọ́n ti kó àwọn oníṣẹ́ abẹ kúrò níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣí i lópin ọ̀sẹ̀ mọ́. Ìlú ńlá ni kí wọ́n máa bọ̀.

"Ṣé ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí wa tó?" Kerttu ní.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn tí wọ́n tì yẹn, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀."

Mirva, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì oko, ló gbé ọkọ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń ran Oiva lọ́wọ́ wọlé sẹ́yìn ọkọ̀ ni Taimi, aládùúgbò wọn, yọ létí ọgbà pẹ̀lú páànù èso pupa lọ́wọ́.

"Kí ló ṣe Oiva?"

"Inú ló ń run mí," Oiva sọ ọ́ kí Kerttu tó lanu.

"Inú," Taimi ní. Ó wo ibi tí ọwọ́ Oiva wà. "Inú rírun yìí mà pọ̀ lábúlé yìí o. Òun ló ń ṣe Paavo ọkọ mi náà. Òru ló máa ń ṣe é, á máa dìde títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Kó lọ rí dókítà," Kerttu ní.

"Paavo kẹ̀? Lọ́dún tí Antero ò sí nílé, tí wọ́n fi igbó lé òun lọ́wọ́? Ẹ̀gbọ́n Antero ló ṣubú nílùú Turku lọ́hùn-ún, ó kán ní ìbàdí, Antero ti lọ tọ́jú ẹ̀. Látìgbà yẹn ni Paavo ò ti jẹun tó yó, ibùba ló ń rò ṣáá." Ó gbé páànù náà sí apá kejì. "Ẹ bá mi kí àwọn dókítà. Ẹ ní inú rírun pọ̀ níbí."

Wọ́n wọ títì. Oiva dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ó ká eékún rẹ̀ sókè, ó ń mí láti ẹnu. Gbogbo ibi tí títì bá ti wọ́, Kerttu á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yín ńkọ́?" Mirva ní. "Ẹ ní wọ́n á pè yín kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́."

Oiva kọjú sí fèrèsé.

"Ó ti lé lọ́dún tẹ́ ẹ ti wà lórí ìlà. Mo máa pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gbọ́ ẹnu mi."

"Má pè wọ́n," Oiva ní.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti pè mí."

Kerttu ò yí ẹ̀yìn wò. "Ìgbà wo?"

"Nígbà tá à ń wa ọ̀dùnkún. Wọ́n ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà lánàá."

"Àná, ọjọ́ Ẹtì?"

"Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ míì. Obìnrin yẹn ní kò sí ọjọ́ míì nítòsí, pé tí mo bá fi í sílẹ̀, ẹ̀yìn ìlà ni mo máa padà sí. Mo ní kò burú."

"O ní kò burú."

"Kerttu, ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún lánàá, ṣé ó lè wà níbùba lónìí?"

Kerttu bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ó ń rántí oògùn tó ń mú kí òòyì kọ́ Oiva títí tó fi máa ń di ògiri mú. Ó ń rántí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ Mirva tí wọn ò lè lọ, nítorí pé ọ̀nà jìn tí bọ́ọ̀sì ò sì ní ilé ìtọ̀. Àtàárọ̀ àtalẹ́ ni òun fi ń retí kí fóònù yẹn dún. Ó dún ní àárín ebè ọ̀dùnkún, Oiva dáhùn, ó sì padà wálé wá jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní kí wọ́n bá òun mú bọ́tà. Inú bí i débi tí etí rẹ̀ ń hó.

"Tá a bá lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni nílùú Tampere," Mirva ní, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é. Ẹ lè ta igi díẹ̀ nínú igbó."

"Mi ò ní gé igi bàbá mi nítorí ìtọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń san owó orí. Kí ni wọ́n fi ń ṣe?"

"Wọ́n fi ṣe àyè kan fún ẹ lánàá," Kerttu ní.

Oiva kérora, Mirva sì tẹ ọkọ̀ sí i.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ gbóná ló ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìtọ̀ Oiva. Ó ní kó mí símú, kó mí síta, kó má fún ara. Ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú àpò ike, ó ń dà, kò dáwọ́ dúró, ó lé ní lítà kan àtààbọ̀. Kerttu ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú etí, kò sì gbé ọwọ́ nù ún. Ìbínú Kerttu ò lọ, àmọ́ ó fi ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú náà fún un.

Wọ́n gbé Oiva lọ sí yàrá oníbùsùn méjì pé kó sinmi níbẹ̀ kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé. Aṣọ ìkélé pín yàrá náà sí méjì, ẹnì kan sì wà lódìkejì. Mirva lọ wá kọfí. Kò pẹ́ tí dókítà wọlé, obìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Vainikka, ó fa àga súnmọ́ ibùsùn, ó sì jókòó, èyí tó wu Kerttu.

"Kíndìnrín yín ti ń jìyà," ni dókítà náà fi bẹ̀rẹ̀, "àmọ́ ó máa bọ̀ sípò. Ẹ tètè dé. Kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, tá à ń pè ní pírósítéètì, gbogbo ọkùnrin ló ní in, ó sì máa ń wú bí ọjọ́ orí bá ń lọ. Tiyín ti wú débi pé ó fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Gbogbo àyẹ̀wò tá a ṣe tẹ́lẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe jẹjẹrẹ."

"Ẹ fá a kúrò," Oiva ní. "Wọ́n ní ẹ máa ń fá a."

"A máa ń fá a. A máa ń ki irin tín-ín-rín gba ojú ìtọ̀, a ó sì máa gé e díẹ̀díẹ̀ látinú. Ìyẹn dáa fún kókó tí kò tóbi púpọ̀. Àwọn tó kéré sí i tún wà: a lè fi ooru omi mú kó súnkì, a sì lè fi ìkọ́ kéékèèké fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí èyí tó lè ká tiyín nínú wọn. Méjì ló kù. Ọ̀kan ni iná lésà. Ojú ìtọ̀ náà la máa gbà, a ó fi iná yẹn bó gbogbo inú kókó náà kúrò lára èèpo rẹ̀. A ò ní la ikùn, ẹ̀jẹ̀ ò ní pọ̀, ẹ lè lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Èkejì ni tàtijọ́. A ó la yín nísàlẹ̀ ikùn níbí, a ó sì fi ọwọ́ yọ ọ́. Òun náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, ẹ máa pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ ò sì ní gbé nǹkan tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Èwo ló yá nínú méjèèjì?"

"Ìyẹn ló le níbẹ̀. Dókítà kan ṣoṣo ló ń fi lésà ṣe é níbí. Ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ tán kó tó kàn yín. Èyí tá a máa là, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mo lè rí àyè."

"Tó bá di ìgbà tí yìnyín bá yọ́, rọ́bà yìí á wà lára mi títí dìgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. A ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ṣe pẹ́ tó lára ni kòkòrò ṣe lè wọlé tó."

Oiva ń fi ìka ká etí aṣọ ibùsùn. "Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ nílé ìwẹ̀ olóoru, ní sáúnà," ó ní, "pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, èèyàn kì í..."

Dókítà Vainikka dúró dè é, nígbà tó sì rí i pé kò ní parí rẹ̀, ó bá a parí rẹ̀ láìrẹ ohùn sílẹ̀. "Àtọ̀ lè má jáde síta mọ́. Inú àpò ìtọ̀ ló máa lọ, kò sì ní pa yín lára. Ọ̀nà méjèèjì ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ agbára tí ọkùnrin fi ń ṣe ọkọ kì í sábà lọ. Èyí tí wọ́n ń sọ ní sáúnà, àwọn tí ò bi dókítà ló ń sọ ọ́."

Oiva wo Kerttu.

"Má wò mí," Kerttu ní. "Láti ọdún méjì, ilé ìtọ̀ lò ń bá sùn."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ikọ́ kúkurú méjì. Kerttu gbé orí sókè.

"Àyè tí mo fi sílẹ̀ lánàá ńkọ́?" Oiva bi dókítà. "Ṣé ó ṣòfò ni?"

"Kò ṣòfò. A pe ẹlòmíì lórí ìlà, ó sì wá. Ẹ rò ó wò, mo ń padà bọ̀."

Nígbà tí dókítà jáde, Kerttu dìde. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn kí ẹni tó ni ín tó sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ ọdẹ. Ó di aṣọ ìkélé mú, ó fà á.

Antero ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀wù ilé ìwòsàn tó wà lọ́rùn rẹ̀ ò bò ó dé eékún, àpò ike sì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ dà pọ̀ mọ́. Ó fa aṣọ ìbora sókè dé àyà.

"Turku ò jìnnà mọ́ o," Kerttu ní.

Antero na ọwọ́, ó fẹ́ fi aṣọ ìbora bo àpò ike náà.

"Ìwọ lo gba ọjọ́ mi," Oiva sọ látorí ibùsùn tirẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé tìẹ ni. Wọ́n ní ẹnì kan ò lè wá. Mi ò bi wọ́n lórúkọ."

"O ò sọ fún mi pé ó ń ṣe ẹ́."

"Ìwọ náà ò sọ fún mi."

Antero tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe, ó wá bi Oiva léèrè.

"Ibo ni Paavo fi ẹ́ sí?"

"Etí omi."

"Ibẹ̀ dáa. Ṣé nǹkan kọjá?"

"Abo kan pẹ̀lú ọmọ ẹ̀. Mi ò yìnbọn."

"O ṣe dáadáa."

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì," Kerttu ní. Kò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di aṣọ ìkélé mú. "Lọ́dọọdún, Antero, lo máa ń dúró níwájú wọn, tí wàá ní ẹni tí ò bá wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó lọ wá ẹgbẹ́ míì. Ọkọ mi gbà ẹ́ gbọ́. Ó gbé iṣẹ́ abẹ jù sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ, ìwọ sì wá dùbúlẹ̀ sáyè ẹ̀. Ó dúró sínú òtútù látàárọ̀ nítorí òfin ẹ, ó ń mú ìtọ̀ mọ́ra títí kíndìnrín ẹ̀ fi ń jìyà. Kí ni kí n wá sọ fún ẹ báyìí?"

"Sọ ohun tó bá wù ẹ́," Antero ní. Ó wo òrùlé. "Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èmi. Èmi ló ń pín ibùba, ṣé ẹ rí i? Mo máa ń fún ara mi ní èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tó jìnnà sí tàwọn tó kù, kẹ́nikẹ́ni má bàa rí mi. Ibẹ̀ ni mo máa ń tọ̀ sí."

Oiva gbé ara sókè lórí ìgbọ̀nwọ́. "Níbùba?"

"Níbùba."

"Àgbọ̀nrín ńkọ́?"

"Wọn ò yí padà rí. Mo ti tọ̀ rí, kò pẹ́ rárá, àgbọ̀nrín kọjá níbẹ̀, mo sì pa á."

Kerttu rò pé Oiva máa bú u. Oiva ò bú u. Ó tún padà dùbúlẹ̀, ó gbé apá lé ojú, ejìká rẹ̀ sì ń mì. Kerttu ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, kò sì bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́," Antero ní, "ẹ má sọ fún Paavo."

"Paavo tó ń dìde lóru nítorí inú?" Kerttu ní.

Antero yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó hàn pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohùn Oiva jáde lábẹ́ apá rẹ̀. "Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó ń ta mí díẹ̀. Àmọ́ mo sùn lánàá, Oiva. Mo sùn mọ́jú."

Nígbà tí dókítà padà dé, Oiva ti jókòó. Ó ní kí wọ́n la òun. Dókítà ní kó má kánjú, pé ojú egbò yẹn ò ní jẹ́ kó gbé ìbọn mọ́ lọ́dún yìí, ọdẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oiva ní òun mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá fún òun ni òun máa wá, ìbáà jẹ́ ọjọ́ wo. Kerttu mú fìlà rẹ̀ lórí àga, ó gbọn ewé igi páìnì tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, ó sì gbé e fún un.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n padà dé Leppäsuo. Wọ́n so àpò ìtọ̀ mọ́ Oiva lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ṣòkòtò, Mirva sì ń rọra wakọ̀. Fóònù ẹgbẹ́ ọdẹ ṣì wà lápò Oiva, wọn kì í sì í gbé e sùn sílé. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ẹgbẹ́, iná wà níbẹ̀, àgbọ̀nrín ńlá kan ti wà lókè lórí ìkọ́, òórùn ọbẹ̀ sì kún ìta.

"Bá mi fún wọn," Oiva ní. "Ní inú ló run mí."

Kerttu wò ó. Ó gba fóònù náà, ó wọlé.

Àwọn ọkùnrin náà jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ ẹran àti ọ̀dùnkún, àwọn kan ṣì ń pọ́n ọ̀bẹ lẹ́bàá ẹran. Taimi ló ń bu ọbẹ̀. Paavo dìde nígbà tó rí Kerttu, ọkùnrin tó sanra, tí oorun kún ojú rẹ̀.

"Inú Oiva ńkọ́?" ó ní. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní òpin tábìlì, ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni inú àwọn kan máa ń run. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

Kerttu gbé fóònù náà sórí tábìlì. Inú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé láti ọdún méjì: fún Taimi, fún ọmọ Mirva, fún àlùfáà. Ó rí i pé ẹnu òun ò fẹ́ sọ ọ́ mọ́. Bó ṣe dúró síbẹ̀ ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Oiva ló wọlé. Ó rọra rìn dé ìdí tábìlì, ó bọ́ fìlà.

"Kì í ṣe inú," ó ní. "Ìtọ̀ ni. Kò jáde mọ́. Wọ́n ti ki rọ́bà sí mi, ó wà lẹ́sẹ̀ mi níbí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọ́n máa là mí. Àná ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, láìsí pé wọ́n ń là mí, èmi ni mo fi í sílẹ̀ nítorí kí n lè wà níbùba." Ó sinmi. "Mi ò ní lè bá yín ṣe ọdẹ mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ fi ẹlòmíì sí etí omi."

Kò dárúkọ Antero. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ dáwọ́ dúró. Taimi bu ọbẹ̀ sínú abọ́, ó gbé e síwájú Oiva, ó wá fi búrẹ́dì dúdú lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wo Paavo. Paavo ń wo abọ́ tirẹ̀. Oiva jẹun, torí kò tíì jẹun látàárọ̀, gbogbo wọn sì ń gbọ́ bí ṣíbí rẹ̀ ṣe ń kan abọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Paavo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ẹran tó kàn wọ́n nínú àpò ọ̀rá. Ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó pa á dé. Kò padà wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Kerttu, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn, Kerttu sì yí gíláàsì wálẹ̀.

"Nọ́mbà tó o fi pe ilé ìwòsàn lọ́sàn-án yẹn," Paavo ní. "Nọ́mbà wo ni?"

Kerttu pè é fún un. Paavo ò ní bíírò, ó sì ti fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, ó wá ń tún un pè lẹ́nu. Ó ṣi í pè lẹ́ẹ̀kan, Kerttu tún un ṣe fún un.

"Ẹ̀rọ ló máa dá ẹ lóhùn," Kerttu ní. "Má pa á. Dúró kí wọ́n pè ẹ́ padà. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì fún ẹ, gbà á."

Paavo mi orí. Bí Mirva ṣe ń yí ọkọ̀ padà, iná ọkọ̀ náà kọjá lára ògiri ilé ẹgbẹ́, Kerttu sì rí i pé ọkùnrin méjì mìíràn ti jáde wá dúró ti Paavo. Wọn ò mu sìgá, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń gbọ́ nọ́mbà náà lẹ́nu rẹ̀.